Ìgò Tí Afínjú Fọ̀

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì gbé ìgò náà, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan péré, omi inú rẹ̀ sì hó bí ọṣẹ títí dé ọrùn ìgò.

"Ọṣẹ rèé," ni olùkọ́ wí. "Nínú odò, nísàlẹ̀ ilé ìfọṣọ, la ti bu èyí."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Afínjú. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí kì í fi ife ẹnikẹ́ni mumi láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Òun, aṣáájú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn, ló bu omi náà, ìyá rẹ̀ alágbàfọ̀ ló sì ni ilé ìfọṣọ tó wà létí odò. Olùkọ́ ní wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá gbọ́ èsì. Wolé-wolé ọ̀hún kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Bó bá gbọ́ èyí, ilé ìfọṣọ di títì pa.

Nílé, Afínjú bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ń da omi ọṣẹ sódò. Ìyá ní rárá, kòtò tí òun gbẹ́ sẹ́yìn ilé ni òun ń dà á sí, kí ọmọ òun lọ jẹun. Ọmọ jẹun, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ti fún un nímọ̀ràn: kó da omi odò nù, kó pọn omi ẹ̀rọ dípò. Ta ló máa mọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Afínjú mú ìgò náà jáde ní kíláàsì, ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìwé, ó da omi inú rẹ̀ nù. Kó tó pọn òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ ti mú ọṣẹ jáde nínú àpò, ó ń fọ ìgò. Ó ṣan án títí, ó ṣì ń hó. Àṣé bó ti fọ̀ ọ́ nìyẹn kó tó lọ sódò! Olùkọ́ sì ti kìlọ̀ pé ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án, omi odò nìkan ni kí wọ́n fi ṣan án.

Bó bá dákẹ́, tó sì pọn omi ẹ̀rọ sí i, ilé ìfọṣọ bọ́ nínú ewu. Bó bá jẹ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ mọ́, omi odò tí wọ́n máa tún bù sì lè hó. Ó rántí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó ní rárá. Ó gbéra, ó lọ bá olùkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọṣẹ ni mo fi fọ ìgò yẹn. Mo ti da omi ẹ̀ nù, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ ni."

Olùkọ́ kò pariwo, ṣùgbọ́n ó gba ipò aṣáájú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó gbogbo wọn padà sódò nínú oòrùn, kíláàsì ń kùn, wolé-wolé ń tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló fi ìgò mìíràn bu omi nísàlẹ̀ ilé ìfọṣọ. Ó mì ín. Kò hó rárá. Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú Afínjú.

Wolé-wolé wo kòtò ẹ̀yìn ilé, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà, ó kán oògùn kan sínú omi ẹ̀rọ ilé ìwé tó gbé wá nínú ife, omi náà sì pọ́n.

"Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn wà nínú omi ẹ̀rọ, kò sí nínú omi odò," ló wí. "Ẹni tó bá gbé omi ẹ̀rọ wá pé omi odò ni, ojú ẹsẹ̀ la máa mọ̀."

Ọ̀rẹ́ Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Lálẹ́, Afínjú ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, títí kan pé òun kò gbà á gbọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó na etí aṣọ kan sí i kí wọ́n jọ ká a.

"Èmi náà ni mo kọ́ ẹ ní ọṣẹ lílò," ló wí. "Lọ́jọ́ mìíràn, tí mo bá ní rárá, rárá ni."

Afínjú gba etí aṣọ náà mú. Irọ́ tó fẹ́ fi gba ìyá rẹ̀ là ni ìbá ti ilé ìfọṣọ pa. Òtítọ́ tó ń bẹ̀rù láti sọ ló dá ìyá rẹ̀ láre.