Wáyà Ẹ̀yìn Àga Láwàlì

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi ló ṣe.

Iṣẹ́ wáyà iná ni èmi Ṣótúndé ń ṣe ní Ìjokò. Èmi àti Láwàlì la jọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Nígbà tí àwọn ìjọ àti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé káàkiri Ọ̀tà, iṣẹ́ kún ọwọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Láwàlì jáde lọ fa wáyà sínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan. Wọ́n rí i ní Toll Gate, ó ń dúró de ọkọ̀. Kò dé ibi iṣẹ́. Kò padà sílé. A wá a títí, a ò rí òkú, a ò rí ààyè.

Ọdún gorí ọdún. Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tí Láwàlì bí, lọ sílé ọkọ. Ó wá ku Ràfátù, ìyàwó Láwàlì, nìkan nílé. Òun ló ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ bá mi wo iná ilé yìí," ló wí. "Mo pa gbogbo nǹkan, mítà ara ògiri ṣì ń kà."

Ọ̀sán gangan ni. Mo yọ gbogbo ohun tó wà lójú iná. Mo tú gílóòbù. Fíríìjì dákẹ́. Iná pupa ara mítà ṣì ń ṣẹ́jú.

Mo fi mítà ọwọ́ mi wọn wáyà tó jáde láti ara rẹ̀. Igba ó lé ogún fóltì. Ìdajì áńpíà. Mo sọ wọ́n di púpọ̀: àádọ́fà wáàtì. Mo fi áńpíà pín fóltì, kí n lè mọ bí ìdènà tó wà lójú ọ̀nà iná náà ṣe tó: irínwó ó lé ogójì óòmù. Nǹkan kan ń jẹ iná lóòótọ́.

Mo tọ wáyà náà lọ. Ó gbé mi dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga Láwàlì ní pálọ̀. Kò sí ohunkóhun lójú rẹ̀. Mo so mítà ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Mo fọwọ́ kan àga. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Ràfátù wí.

"Ìyá Àṣàbí, ẹ jẹ́ kí n já wáyà yìí. Ó lè jó ilé."

"Ẹ má já a."

"Kí wá lẹ pè mí fún?"

"Kí ẹ lè sọ fún mi bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Kí n mọ̀ pé kì í ṣe orí mi ló dàrú."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga náà. Ó pe ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bàbá Àṣàbí. Àárò yín ń sọ mí."

Mo wo mítà ọwọ́ mi. Ó ti di odindi áńpíà kan. Fóltì kò yẹ̀. Wáàtì di ìlọ́po méjì. Mo tún pín in: igba ó lé ogún óòmù.

"Kí ni mítà yín wí?"

"Ohun tó ń dènà ti dín kù sí ìdajì."

Ó tún pè é.

Ìgbà náà ni wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kankan kò tíì dún. Fóltì, òdo. Ṣùgbọ́n áńpíà kan ṣì ń kọjá nínú wáyà náà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Wáàtì, òdo. Mo fi áńpíà pín òdo. Òdo ló jáde.

"Ó ku mélòó?" ni Ràfátù bi mí.

"Kò sí ìdènà kankan mọ́."

Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Àga náà dún, bí ìgbà tí ẹni tó wúwo bá jókòó.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. Ó sì kúnlẹ̀.

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo jáde. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń béèrè ohun tí òun máa sè. Á dúró bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Á wá fèsì. Ó ń ṣe mí bíi kí n padà wọlé lọ kí ọ̀rẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé mi ni mo kọrí sí.