Ilẹ̀kùn tí Ó Ń Dúró Kí Ẹnìkan Kọjá

Ohun tí a kọ síbí yìí ṣẹlẹ̀. Ilé alájà méjì náà wà ní Williamsville, àdúgbò kan nílẹ̀ elédè Faransé, di òní, ilẹ̀kùn náà sì wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́ lè lọ fọwọ́ kàn án.

Sàlímátù ló ni ilé náà. Ìdílé mẹ́fà ló ń háyà òkè, òun náà sì ń gbé láàrin wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn panápaná kọ̀wé sí i: kí ó ṣe ilẹ̀kùn coupe-feu alápá méjì sórí àtẹ̀gùn, èyí tí iná kò lè tètè jó, tí yóò máa pa ara rẹ̀ dé. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò ti ilé náà pa.

Kò yà á lẹ́nu. Iná ti jó ilé náà rí, ní 2009. Iná náà ló pa Àrìmíyàù, àbúrò Sàlímátù ọkùnrin. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé. Àrìmíyàù a máa ká aṣọ sí mẹ́ta, a sì tẹ etí rẹ̀ bọ inú. Kò sí ẹlòmíì tó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀.

Lassissi, oníṣẹ́ irin láti Yopougon, kó àwòrán ilẹ̀kùn wá.

“Màmá, ẹ mú èyí tó ní vitre. Gíláàsì kékeré ni, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí ẹni tó ń lọ.”

“Mi ò fẹ́ gíláàsì.”

“Àwọn èèyàn á máa forí gbárí o!”

“Kí wọ́n máa gbá a. Mo ní mi ò fẹ́.”

Kò sọ ìdí. Ilẹ̀kùn ti tẹ́lẹ̀ ní gíláàsì. Lọ́jọ́ iná, ilẹ̀kùn náà há. Àrìmíyàù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lu gíláàsì. Sàlímátù rí ojú rẹ̀. Ó yíjú padà, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ẹbí pé òun kò rí i.

Lọ́jọ́ lundi, ìyẹn ọjọ́ Ajé, Lassissi gbé ilẹ̀kùn náà dúró. Apá òsì ló yẹ kó kọ́kọ́ pa dé, kí apá ọ̀tún tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí méjèèjì, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Apá òsì pa dé.

Apá ọ̀tún dúró. Ó dúró níwọ̀n ìgbà tí èèyàn kan fi lè kọjá. Lẹ́yìn náà ó rọra pa dé.

Lassissi bú sẹ́rìn-ín. “Ilẹ̀kùn yín ní ẹ̀kọ́ ilé, Màmá! Ó ń dúró kí àgbà kọjá.”

Sàlímátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbóòórùn èéfín.

Ní mardi, ọjọ́ kejì, Lassissi pààrọ̀ irin òkè tó ń fa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn náà dúró pẹ́ ju ti àná lọ. Ní mercredi, ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, kò pa dé mọ́ rárá. Kò sí afẹ́fẹ́. Lassissi fi èjìká tì í. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn.

“Vendredi, ọ̀túnla, ni inspecteur panápaná ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá. Báwo la ṣe máa ṣe é?”

Sàlímátù ro ìdílé mẹ́fà, pẹ̀lú ẹní àti ọmọ wọn lójú títì.

“Lọ mú onígíláàsì wá.”

“Gíláàsì ò kan pípa dé, Màmá.”

“Mo ní kí o mú un wá.”

Ní jeudi, tó jẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, Lassissi mú un wá. Sàlímátù jókòó sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí i. Onígíláàsì ṣe tirẹ̀ tán, ó lọ; Sàlímátù ń gbọ́ bí Lassissi ṣe ń de ìdè irin. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Kà. Kà. Méjèèjì pa dé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Lassissi sọ̀kalẹ̀, àpò iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò dúró.

“Ó ti ń pa dé. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá bàjẹ́, ẹ pe ẹlòmíì.”

“Kí lo rí?”

“Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní kí n kí yín.”

Nírọ̀lẹ́ yẹn, Sàlímátù gòkè, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìborùn rẹ̀ bo gíláàsì. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé, ó tì í pa láti inú.

Inspecteur dé ní vendredi, ó dán ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fọwọ́ síwèé. Àwọn ayálégbé ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàlímátù jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìborùn rẹ̀ ti wà lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. A ti ká a sí mẹ́ta. A ti tẹ etí rẹ̀ bọ inú.

Kò tíì tú u. Kò tíì gòkè. Kò sì tíì dáhùn ìkíni náà.