Má Fi Àtàǹpàkò Kà Á

Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì, ẹ̀rín ni ọmọbìnrin náà ń rín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì nínú aṣọ funfun àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gan-an ló sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ló ní kí wọ́n pín ara wọn sí méjì-méjì, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù iṣan lọ́rùn-ọwọ́ aláìsàn. Ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ló bá ki àtàǹpàkò mọ́ ọn bí ẹni tó ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ!" olùkọ́ jágbe mọ́ ọn. "Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù. Tó o bá fi kà á, ara rẹ lò ń kà yẹn. Òkú á wà níwájú rẹ, wàá ní ó ń mí! Ìka méjì tó tẹ̀ lé e ni kó o lò."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Àtàǹpàkò. Ọmọbìnrin náà, tí kò tíì rẹ́rìn-ín tán nígbà tí wọ́n jáde, gba orúkọ tiẹ̀ náà: Ẹlẹ́rìn-ín.

"Àtàǹpàkò, ta lò ń kà gan-an lẹ́ẹ̀kan?" ó bi í. "Ó yá jù fún tèmi."

"Tèmi ni. Ìwọ lo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Ẹ ò rí ẹnu ọmọkùnrin! Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wọ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí Àtàǹpàkò fi mú un lọ kí àwọn òbí tirẹ̀. Bàbá, káfíńtà tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, rí i báyìí, ó ní, "Ìyàwó mi dé!" Ìyá ò sọ púpọ̀. Ó ní kí Ẹlẹ́rìn-ín kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí àjàkálẹ̀ àrùn fi wọ̀lú. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Inú fóònù ni wọ́n ti wá ń kọ́ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí ni Ẹlẹ́rìn-ín ń yí, ẹsẹ̀ àga ló ń di báńdéèjì fún. Oorun dá lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ojú òun mọ iṣẹ́, ọwọ́ òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lulẹ̀, ilé ìwòsàn ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ikọ́ fée tó ń bá Àtàǹpàkò jà láti kékeré ò jẹ́ kó lè lọ. Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Wọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ni wọ́n gbé bàbá káfíńtà wá nígbà tí àrùn mú un. Kò sáyè kí ará ilé wá wò ó, nítorí náà òun ló ń fóònù wọn lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ṣé ó ṣì ń lù?"

Ẹlẹ́rìn-ín ò tíì jókòó láti àárọ̀. Ìbọ̀wọ́ méjì ló wọ̀ léra, ooru ti bo gíláàsì ojú rẹ̀. Ó gbá ọrùn-ọwọ́ bàbá mú, ó fetí sílẹ̀.

"Ó ń lù, Mà. Ó ń lù dáadáa!"

Nílé, ìyá kúnlẹ̀ láàárín yàrá, ó dúpẹ́, ó dìde, ó ń jó. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà dé, ó fọwọ́ kan ọrùn bàbá, ó mi orí. "Ó ti lọ, ọmọ mi. Ó ti tó ìgbà díẹ̀." Ẹlẹ́rìn-ín wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi tẹ ọrùn-ọwọ́ bàbá. Fóònù ò sì tíì kú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nílé.

"Irọ́ ló pa fún mi," ìyá ní. "Mi ò fẹ́ rí i lójú mọ́."

Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, Ẹlẹ́rìn-ín ò lọ. Ó lọ ń ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ àǹtí rẹ̀, kì í sì í gbé fóònù. Ibẹ̀ ni Àtàǹpàkò bá a.

"Kí lo wá wá? Mo pa irọ́ fún ìyá ẹ."

"Irọ́ kọ́. Ìlù ara ẹ lo kà. Ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n tó mi?"

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kò kọ́ ọmọ yìí. Ó gbé aṣọ tó ń ká bo ojú, ó sunkún débi tí àǹtí rẹ̀ fi sáré jáde. "Ọwọ́ mi ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, olólùfẹ́ mi."

"Wá sọ ọ́ fún Màámi bẹ́ẹ̀."

Ìyá wà lórí àga tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un. Ó ti rù. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Mo jó," ìyá ní. "Ọkọ mi kú, mo sì ń jó. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó nu ojú. "Ọwọ́ ta ló wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ọwọ́ mi ni, Mà."

"Kò dá wà nígbà yẹn." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. "Kà á."

Ẹlẹ́rìn-ín ká àtàǹpàkò mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka méjì lé e, ó dúró pẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Padà sílé ẹ̀kọ́. Bí a ti ń sunkún là ń ríran. Mi ò ní gba ìyàwó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà."

Àtàǹpàkò kúnlẹ̀ tì í, ó na ọwọ́ tiẹ̀ náà. "Tó o bá parí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹlẹ́rìn-ín fi ìka méjì ọwọ́ kejì lé e lọ́rùn-ọwọ́. "Ó yá jù," ó ní, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Màá fẹ́ ẹ."

Ìyá ò yọ ọwọ́ tiẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.