Ẹni Kẹrin Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹni tó bá wù ú lè pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ilé tó ti ṣẹlẹ̀ sì wà ní Aládé, ní Ìdànrè, títí di òní.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni àwọn onífíìmù wá ya eré apanilẹ́rìn-ín kan nípa àwọn jàǹdùkú ní Ìdànrè. Wọ́n ń wá ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ tí yóò ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀gá jàǹdùkú. Wọ́n mú Adétáyọ̀, àgbẹ̀ oníkòkó tí kò lè pa adìẹ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún un: "Ọ̀gá, ọlọ́pàá ti dé!" Ó fi gbólóhùn yìí da ilé rú. Ó ń sọ ọ́ lóko, ó ń sọ ọ́ ní balùwẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á kó tó sọ ọ́ tán. Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀ ní òun yóò fẹjọ́ rẹ̀ sun wòlíì.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ejò bù ú ṣán lóko, ó sì kú. Fẹ́yìsetán wà nínú oyún. Nígbà tó bí ọmọbìnrin, òun nìkan ló dá orúkọ rò, ó sì sọ ọ́ ní Tijésùnimí.

Fọ́tò Adétáyọ̀ wà nílé. Ohùn rẹ̀ ni kò sí níbì kankan. Ìyẹn ló ń dun Fẹ́yìsetán jù, pé ọmọ yìí kò ní í gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láéláé. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù náà jáde wàyí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n wò ó, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Rẹ̀mí, àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá jàǹdùkú inú fíìmù náà ń sá fún tòlótòló. Tijésùnimí rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi gba imú rẹ̀ jáde.

"Màámi, bàbá mi dà?"

"Fara balẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Nígbà tó yá, àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè yọ. Jàǹdùkú mẹ́rin ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, awò dúdú lójú gbogbo wọn. Ẹni kẹrin ni Adétáyọ̀.

"Bàbá wa nìyẹn!" Rẹ̀mí pariwo.

Ohùn fíìmù dákẹ́. Fáànù ṣì ń yí. Àwọn mẹ́ta yòókù sọ̀kalẹ̀ lọ. Adétáyọ̀ dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò dárúkọ ọlọ́pàá kankan.

"Tijésùnimí," ni ó wí.

Wọ́n ti sin ín tó oṣù mẹ́rin kí orúkọ yẹn tó wà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Sà!"

Kí Fẹ́yìsetán tó mí, ọmọ ti kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí ìyá ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn. Tí àgbà bá pè ọ́, tètè jẹ́, sáré lọ, kúnlẹ̀, má jẹ́ kó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àdúgbò ló ń yin ọmọ náà fún un. Ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má dá ẹni tí kò bá rí lóhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ rí ẹni tó pè é. Ta ló máa wá bá a wí?

Adétáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Fẹ́yìsetán kò gbọ́ nǹkan kan. Rẹ̀mí náà kò gbọ́. Ọmọ ń mi orí.

"Mo ti jẹun, sà." Ó tún tẹ́tí. "Ó dáa, sà."

Ni ariwo fíìmù bá padà. Fẹ́yìsetán fa ọmọ náà mọ́ra.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní n má sọ."

Rẹ̀mí dá fíìmù padà sẹ́yìn. Jàǹdùkú mẹ́ta ló wà lórí àtẹ̀gùn. Ó tún dá a padà. Mẹ́ta. Ó pe ẹni tó ya fíìmù náà lórí fóònù.

"Háà, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí. "A ti yọ bàbá yín kúrò. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín ṣáá lọ́jọ́ náà. A ò rí ibì kankan lò níbẹ̀."

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì gbàdúrà, ó fún wọn lómi àdúrà. Oṣù méje ti kọjá báyìí. Nǹkan kan kò ṣe Tijésùnimí. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Kò sì tíì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí. Ẹ̀rù ń ba Fẹ́yìsetán, kì í jẹ́ kó sùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sọ fún wòlíì. Inú ń bí i. Ọdún mẹ́tàlá ni òun fi bá ọkùnrin yìí gbé, ó sì dé, kò dárúkọ òun.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí oòrùn bá ti mú, ó máa ń ní kí Rẹ̀mí fi fóònù sílẹ̀, kó gbé àbúrò rẹ̀ lọ jìnnà, kí òun lè dá wo fíìmù náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rẹ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, tí bàbá wa bá pè yín ńkọ́?"

"Di ọmọ yẹn mú dáadáa," ni ó wí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.