Ìdánwò Tó Gbé Boniface Lọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 1956, Boniface kan ilẹ̀kùn Monica ní Idoani, ó fi ìwé ìṣirò há abíyá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò jù níbí. Mo fẹ́ di Fadá, àmọ́ ìṣirò ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fadá lọ́dún tó kọjá."

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Monica, òun nìkan ló ń gbé ilé tíṣà. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ó ní kí Boniface jókòó.

Oríṣi ìbéèrè kan ló ń da Boniface láàmú. Àgbẹ̀ jẹ́ ogójì. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń gbin kòkó, méjìlélógún ń gbin iṣu, gbogbo wọn ló sì ń gbin ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọn mélòó ló ń gbin méjèèjì?

Boniface ro ó pọ̀. "Méjìdínláàádọ́ta."

"Ogójì péré ni wọ́n. Níbo ni mẹ́jọ tó lé ti wá?"

Ó họ orí títí. Monica fa àmì róbótó méjì sórí síléètì, ó jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn díẹ̀.

"Àwọn tó wà láàárín yìí, o kà wọ́n mọ́ olóko kòkó, o tún kà wọ́n mọ́ olóko iṣu. Ẹ̀ẹ̀mejì lo kà wọ́n. Àwọn mẹ́jọ náà nìyẹn."

Boniface bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá kẹ́kọ̀ọ́, tìtorí ẹ̀rín yẹn ni Monica sì fi ń retí ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ṣe ń kọ́ ọ dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jìnnà sí òun tó.

Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, Boniface ti síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Monica, ìwọ ni mo fẹ́. Màá mọ̀ọ́mọ̀ kùnà. Màámi á gbà pé Ọlọ́run ò pè mí, a ó sì ṣègbéyàwó."

Inú Monica dùn gan-an. Àmọ́ ó ní kí Boniface jẹ́ kí òun rò ó.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá Boniface fẹsẹ̀ rìn wá láti Imeri, ó ru iṣu wá kí Monica. Opó ni. Nígbà tí Boniface wà lọ́mọ ọwọ́, tí àìsàn fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ó bá yè, Fadá ni yóò ṣe.

"Ọmọ mi, ìwọ lò ń bá mi san ẹ̀jẹ́ mi. Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ gidi." Ìyá náà sì kúnlẹ̀. Monica sáré fà á dìde.

Nígbà tí Boniface dé, Monica ò ní kó jókòó.

"Lọ ṣe ìdánwò rẹ bí o ti mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fi irọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá yẹn."

"Ìwọ ńkọ́, olólùfẹ́ mi?"

"Má bi mí."

Ó yege. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí lọ́rì, ó sọ ọ́ sétí Monica jẹ́jẹ́: "Bí o bá ní kí n má lọ, màá sọ̀kalẹ̀."

Monica mi orí pé rárá, kó máa lọ.

Lọ́rì gbéra. Ẹkún tí Monica ti ń gbé mì bú jáde. Ìyá Boniface, tó wá sin ọmọ rẹ̀, tí omijé ayọ̀ ń dà lójú òun náà, fà á mọ́ra. Ó rò pé ẹkún kan náà ni àwọn méjèèjì ń sun.

"Ó tó, ọmọ mi. Yóò padà wá súre fún wa."

"Àmín, Màámi," ni Monica wí, kò sì gbé orí kúrò léjìká rẹ̀.