Àkọ̀ Tí Àmúdàtù Rán

"Má kánjú o, Àmúdàtù," ni Bàbá Àkàngbé wí fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń wá fìlà rẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Awọ àárín ni ẹ̀mí àkọ̀. Bí o bá yọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ yóò máa jẹ okùn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́ já, itan ẹni tó so ó mọ́dìí ló kàn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti dé ilé sinimá. Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí i. Fíìmù Íńdíà tuntun ni wọ́n fẹ́ fi hàn lọ́sàn-án Sátidé yẹn, gbogbo kíláàsì wọn ló sì ń lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Bàbá Àkàngbé, ìdílé oníṣọ̀nà awọ ni wọ́n bí i sí. Yàrá iwájú ilé wọn ní Muṣin ló ti ń ṣe tìmùtìmù, àpò àti àkọ̀ ọ̀bẹ. Fàsásì alápatà, tó ń tajà ní Ọ̀yìngbò, ló ní kí wọ́n bá òun ṣe àkọ̀ sí ọ̀bẹ tuntun tí alágbẹ̀dẹ rọ fún òun nítorí Iléyá tó ń bọ̀. Bàbá ti gé awọ ewúrẹ́ pupa náà, ó ti fín ọnà sí i lára. Rírán ló kù. Àmúdàtù ló fi í lé lọ́wọ́. Àkọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò dá rán nìyẹn o, inú rẹ̀ ìbá sì dùn ká ní kì í ṣe ọjọ́ sinimá.

Bí Bàbá ṣe jáde lọ kírun báyìí, Abọ́sẹ̀dé wọlé. "Wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ o! Àbí awọ yìí lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Ó ku awọ àárín. Mo ní láti rẹ ẹ́ sómi, kí n fá a, kí n tún fi òòlu lu gbogbo ẹ̀ pọ̀."

"Ta ló máa tú u wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àmúdàtù létí. Ó sọ awọ àárín sábẹ́ ẹní, ó ká etí awọ tó kù kó lè ki bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ló pé, ó sì rán an kíákíá. Nígbà tó ṣe tán, àkọ̀ náà dára lójú, àfi bí ẹni pé àgbà ló rán an. Ẹ jọ̀ọ́, ojú lásán kọ́ la fi ń mọ àkọ̀. Inú rẹ̀ níṣẹ́ wà.

Bàbá dé, ó gbé àkọ̀ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ oníṣọ̀nà! Ó yá, so ó mọ́dìí ká máa lọ."

Àṣà ìdílé wọn ni: ẹni tó bá rán àkọ̀ ni yóò so ó mọ́ ìdí, tòun tọ̀bẹ nínú rẹ̀, títí yóò fi fà á lé ẹni tó ni í lọ́wọ́. Ohun tí Àmúdàtù gbàgbé nìyẹn.

"Bàbá mi, inú ń run mí."

"Háà, pẹ̀lẹ́ o. Jókòó sílé, èmi á bá ọ so ó." Kí Àmúdàtù tó mọ ohun tó máa wí, Bàbá ti so àkọ̀ náà mọ́ ìdí ara rẹ̀, ó ti jáde.

Nílé sinimá tí Abọ́sẹ̀dé fà á lọ, Àmúdàtù ò rí nǹkan kan. Abọ́sẹ̀dé ń rẹ́rìn-ín. Òun ń ro bọ́ọ̀sì Ọ̀yìngbò, bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹnu ọ̀bẹ ṣe máa tẹ̀ mọ́ okùn nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Nígbà tí òṣèré kan fa ọ̀bẹ yọ, ó dìde fùú.

"Níbo?" ni Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Mo ti ṣe bàbá mi léṣe!"

Ó sáré jáde. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún dípò òsì. Apá òdì ló wò kó tó bọ́ sí títì. Bíréèkì han gooro. "Ṣé o ò ríran ni?" ni dírẹ́bà kígbe. Àmúdàtù ti sá kọjá. Ó há sínú bọ́ọ̀sì, ó ń gbàdúrà pé kí òun bá Bàbá lórí ìdúró.

Orí ìjókòó ló bá a. Nídìí tábìlì ẹran Fàsásì, Bàbá wà lórí àpótí. Bó ṣe jókòó sórí rẹ̀ ni okùn àkọ̀ já, ọ̀bẹ sì gún un; wọ́n ti fi aṣọ di itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn alápatà pé lé e lórí.

"Ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn," ni ọ̀kan ń wí. "Àkọ̀ tí ò ní awọ àárín!"

"Ẹ bá mi mójú kúrò, Fàsásì," ni Bàbá wí, ó sorí kọ́. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo gbàgbé ni."

Bàbá, tí kì í purọ́, ló ń purọ́ nítorí tirẹ̀! Wọ́n ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Àmúdàtù ò tilẹ̀ rìn dé ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má bá bàbá mi wí! Èmi ni mo rán an. Mo fi awọ àárín pamọ́ sábẹ́ ẹní kí n lè lọ wo sinimá. Inú ò run mí rárá."

Fàsásì wo ọmọ, ó wo baba. "Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀," ó ní. "Mo ṣì ń fẹ́ àkọ̀ mi."

"Ẹ ó rí i gbà," ni Bàbá dáhùn. Òun àti Àmúdàtù padà sílé. Ibẹ̀ ló ti fa àkọ̀ náà lé e lọ́wọ́. "Tú u."

Àmúdàtù tú u. Ó rẹ awọ àárín sómi, ó fá a, ó fi òòlu lu ú, ó rán an. Abọ́sẹ̀dé wá yọjú; Àmúdàtù ò gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ọ̀yìngbò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìdí Àmúdàtù ni àkọ̀ wà, Bàbá ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá tọ́ka sí àpótí ọjọ́sí. "Jókòó."

Ẹ̀rù bà á gan-an. Gbogbo àwọn alápatà ló ń wò ó. Ó dijú, ó jókòó. Okùn ò já, ọ̀bẹ ò mì nínú àkọ̀.

Fàsásì gbà á, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó tì í padà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ta ló rán èyí?"

Bàbá ń wo Àmúdàtù.

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi ni," ni Bàbá fi kún un, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ẹ̀tàn lè tan ojú oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn wa jù lè jẹ́ ẹni tó máa fara gbọgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá fi lé wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé ìdí òun gan-an lòun máa so ó mọ́.