Ẹ̀rù Màámi Ni Wọ́n Fi Ṣeré

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà ké tòò, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ títí dé ẹnu àtẹ̀gùn sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ìwé wa ni. A ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé yàrá ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà, a sì ti pa iná. Nínú géèmù tí a ṣe, obìnrin kan ń dá ṣiṣẹ́ òru nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í tì. Bí aago ẹnu ọ̀nà bá ti dún, ẹni tó ń gbá géèmù gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kan kí obìnrin náà lè tẹrí ba, kó sì sọ pé, "Ẹ káàbọ̀." Nígbà mìíràn, oníbàárà gidi ló wọlé. Nígbà mìíràn, kò ní sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ búlúù á ti sún mọ́ káńtà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí obìnrin náà bá gbàgbé láti kí i, ó parí nìyẹn.

Mo fara ti ògiri, mò ń rẹ́rìn-ín bíi tiwọn. Obìnrin inú géèmù náà máa ń fi ọwọ́ òsì di ìbàdí mú bó bá fẹ́ tẹrí ba, nítorí pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Èmi ni mo yà á bẹ́ẹ̀. Màámi ni mo wò yà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ló kó bá mi. Orúkọ mi ni Segawa Kotoe. Èmi àti màámi, tí wọ́n ń pè ní Fusako, nìkan là ń gbé lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú Minowa. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀ ni màámi fi ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń ra oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kí i káàbọ̀. Ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọ̀mùtí, òfin ni.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì nílé-ìwé girama, wọ́n ní àwọn máa tú ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà ká, torí pé a ò ju mẹ́rin lọ, a ò sì gbé nǹkan gidi kan jáde rí. Tatsuki ni olórí ẹgbẹ́. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, Bọ̀dá Tatsuki la sì ń pè é. Ó ní géèmù adẹ́rùbani la máa fi gba ara wa sílẹ̀ nígbà àjọ̀dún. Iwin kan tí kò lórí ló kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, àwọn tó dán an wò sì ń yán. Ní tèmi, igi àti òpó iná ni wọ́n ní kí n máa yà. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ kí Bọ̀dá Tatsuki mọ̀ pé mo wà nínú yàrá náà.

Lọ́jọ́ kan ó ju ìwé sílẹ̀, ó ní, "Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rí la nílò. Irọ́ ò lè dẹ́rù ba èèyàn." Ẹnu mi sì yá.

Mo ní mo mọ obìnrin kan. Mi ò sọ pé màámi ni. Nígbà òtútù tó kọjá, fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ òjò búlúù máa ń dúró sódìkejì títì ní aago méjì òru, á máa wo màámi láti ibẹ̀. Tó bá yá, á wọlé, á ra kọfí alágolo kan, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ó ti rẹ̀ ọ́ lónìí, àbí?" Bó ṣe ń wí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìgbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e dé ibi tó ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí. Àwọn ọlọ́pàá ní ọkùnrin náà ò tíì ṣe nǹkan kan, kí màámi lọ fọkàn balẹ̀. Nígbà tí òtútù ń lọ, ọkùnrin náà ò wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Èmi nìkan ni màámi sọ gbogbo rẹ̀ fún nínú ilé ìdáná wa, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé òun ló ṣe ohun ìtìjú.

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn: aṣọ òjò, kọfí, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bọ̀dá Tatsuki pàtẹ́wọ́.

"Kotoe, ibo lo ti wà látọjọ́ yìí?"

Orí mi wú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí màámi ò tíì wọṣẹ́, mo mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, a sì ya fọ́tò káńtà, ilẹ̀kùn, àti àkọlé tí iná ìdajì rẹ̀ ti kú. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé.

A gba ipò kìíní. Wọ́n ní ẹgbẹ́ wa lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bọ̀dá Tatsuki wá gbé géèmù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, àwọn tó ti gbá a ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí àkọlé rẹ̀ ti kú ní ìdajì ló wà lọ́nà márosẹ̀ Minowa. Kí ló kù táwọn ọmọ ìlú wa ò ní mọ̀?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní kété tí màámi bá wọṣẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jáde, wọ́n á tún wọlé, kí aago ẹnu ọ̀nà lè máa dún. Màámi á máa kí wọn káàbọ̀. Wọn kì í ra nǹkan kan. Wọ́n á gbé fóònù sókè, wọ́n á máa ka iye ìgbà tó tẹrí ba: ogún, ọgbọ̀n, ogójì. Abiyamọ tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n sọ ọ́ di bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé, tó ń fọ eyín lóròòwúrọ̀, tó ń kí tíṣà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jù ú lọ fọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Títí di òní, bí mo bá rántí, àyà mi á máa gbóná.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí? Mo rí fídíò wọn nínú kíláàsì. Ẹni tó jókòó níwájú mi ló fi hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú rẹ̀. Mo wo màámi lórí fóònù yẹn, ó ń tẹrí ba fún ilẹ̀kùn lásán. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní ó dáa. Nílé, màámi kàn ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò rí eré ṣe, ó ní kí n bá òun fi oògùn ra ẹ̀yìn. Mo bá a fi ra á, mo sì dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́bọ̀ kan, ọmọkùnrin kan wọ aṣọ òjò búlúù wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá pa mọ́ sídìí àtẹ ìwé ìròyìn, wọ́n ń ya fídíò. Ó gbé kọfí alágolo kan sórí káńtà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ó ti rẹ̀ ọ́ lónìí, àbí?" Màámi ń bu ọbẹ̀ gbígbóná fún awakọ̀ kan lọ́wọ́. Gbogbo abọ́ ọbẹ̀ náà dà sí i lọ́rùn ọwọ́.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mo bá a nínú ilé ìdáná. Báńdéèjì funfun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kotoe, mo rò pé ó ti padà wá ni," ó ní.

"Ta ni, Màámi?" Mo bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìgbà tó ṣí orí aṣọ òjò yẹn ni mo rí i pé ọmọdé ni. Kò lè jù ọ́ lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín." Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yẹn gẹ́lẹ́ ló sọ sí mi. Èèyàn mẹ́ta ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn láyé yìí. Ojú tì mí débi pé mi ò sọ ọ́ fún ọlọ́pàá. Ọkùnrin yẹn, èmi, àti ìwọ."

Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn ká ní ó gbá mi létí. Ó kàn bi mí pé kí ni wọ́n fún mi. Mo ní wọn ò fún mi ní nǹkan kan, wọ́n kàn jẹ́ kí n ya ṣọ́ọ̀bù náà ni.

"Ọ̀fẹ́ lo fi mí tà," ó ní. "Ó kúkú sàn kó o gbowó."

Ọ̀gbẹ́ni Ogino, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ti pe ilé-ìwé wa lórí fóònù pé àwọn oníbàárà ń ráhùn. Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, èèyàn á ra àpótí àkàrà òyìnbó kan, á lọ tẹrí ba fún ẹni tó dà láàmú, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Tíṣà Nagamine, tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gbẹ́ni Ogino la tò síwájú rẹ̀. Òun la tẹrí ba fún. Òun ni wọ́n gbé àpótí sí níwájú, torí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la dà láàmú. Òun náà tẹrí ba padà, ó wá pe màámi jáde láti inú yàrá ẹrù.

Ó ní kí màámi náà bẹ̀bẹ̀. Ó ní ká ní ó rẹ́rìn-ín sáwọn ọmọ náà ni, tí kò da ọbẹ̀ sílẹ̀ níwájú oníbàárà, ọ̀rọ̀ ì bá má tóbi tó báyìí.

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba pẹ̀lú báńdéèjì yẹn lọ́wọ́. Ó tẹ̀ wálẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Irú ìbínú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, kò bí mi rí. Tíṣà ń bẹ ọ̀gá, ọ̀gá ń bẹ tíṣà, màámi ń bẹ gbogbo wọn, kò sì sẹ́nì kan tó bẹ màámi. Ẹni tí wọ́n jó lọ́wọ́ ló ń tọrọ àforíjì. Irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Mo gbé orí sókè.

"Màámi, ẹ dìde."

"Segawa, tẹrí ba," ni Tíṣà Nagamine sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Bọ̀dá Tatsuki ní kí wọ́n má bínú, àròsọ lásán ni ìtàn inú géèmù náà, àwọn ọmọ ìta ló lò ó nílòkulò. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò ṣáà lè torí ohun tí ẹlòmíràn ṣe bá àwọn ọmọ wọ̀nyí wí. Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ wa á wà, oyè wa á wà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí mo ṣe àyàfi màámi.

"Kì í ṣe àròsọ, sà," mo ní. "Màámi ló ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ni mo lọ sọ ọ́. Bọ̀dá Tatsuki náà mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan lóòótọ́. Mo rí fídíò wọn nínú kíláàsì, mo dákẹ́. Ẹni tó yẹ ká bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín yìí."

Ojú Bọ̀dá Tatsuki pọ́n. Tíṣà Nagamine rọra ti àpótí náà sápá ọ̀dọ̀ màámi. Màámi fi ọwọ́ tó kù tì í padà.

"Ẹ gbé àkàrà yín lọ," ó ní. "Ẹ yọ nǹkan yẹn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí, kí n tó wọṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, ẹni tó bá wá fi mí ṣeré, mi ò ní kí i káàbọ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ dandan ni kí n kí i, ẹ wá ẹlòmíràn."

Ọ̀gbẹ́ni Ogino wo ilẹ̀, ó ní ó dáa. Kò sẹ́lòmíràn tó fẹ́ iṣẹ́ òru.

Wọ́n yọ géèmù náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi í sórí kọ̀ǹpútà wọn ò ní yọ tiwọn, ó sì tó oṣù kan kí àwọn ọmọ náà tó jáwọ́. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ wa, wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Bọ̀dá Tatsuki kì í kí mi mọ́. Àwọn kan nínú kíláàsì ní èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ìyẹn ò dùn mí, kí wọ́n máa wí.

Ohun tó ń dùn mí wà nílé. Ẹni tó ṣẹni ló ń gbàgbé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í gbàgbé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá sọ ẹ̀rù ọkàn rẹ̀ fún yín, ara rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má fi wá ọ̀rẹ́, ẹ má fi gboyè, ẹ má sì jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń fi ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀ wà lára wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù tó kọjá, màámi ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó, ó ń wo ògiri. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, mo sì rò pé ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Jẹun, kó o má pẹ́."